Ọjọ́ Tí Mi Ò Sí Lórí Ìjókòó

Ẹ̀yin alága ìpàdé ìdágbére mi yìí, ẹ̀yin àgbà tí a jọ ń ṣòfin kí irun wa tó funfun, ẹ̀yin àlejò tó wá láti ìtòsí àti láti ọ̀nà jíjìn, ìyàwó mi tó ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n má pẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ara mi ò balẹ̀. Omi tí wọ́n gbé síwájú mi yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé e tí mi ò mu ún.

Ọpẹ́ ló yẹ kó ṣáájú. Akọ̀wé ilé, ẹ ṣeun: ogún ọdún lẹ fi ń kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀, a kò sì rí i lójú yín rí pé ìsọkúsọ là ń sọ. Ìyá tó ń tún ilé ìgbìmọ̀ ṣe, ẹ ṣeun, mò ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín.

Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ ka àkọsílẹ̀ ìbò mi sétí yín tán. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àbá pé kí àwọn tí owó oṣù wọn ga san owó orí tó jọjú wá síwájú wa, kò sì sí ìgbà kankan tí mo dìbò takò ó. Òun lẹ ṣe ń pè mí ní Aláìyẹsẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, mo dìde, mo ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Gbogbo ilé hó yèè. Ìgbà kejì àti ìkẹta, mo tún nawọ́ sókè, a fìdí rẹmi. Ìgbà kẹrin ńkọ́? Ta ló bi mí nípa ìgbà kẹrin rí?

Ẹ̀yin tí a jọ wà nílé mọ ohun tí à ń pè ní ìtọ̀ ìbò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ bá le, tí akọ̀wé fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, ìtọ̀ á kàn ṣàdédé máa gbọ̀n àwọn kan nínú wa. Wọ́n á jáde, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ìwé á sọ pé wọn ò sí lórí ìjókòó. Wọn ò gbà, wọn ò kọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò kẹrin yẹn, ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ẹ̀gbọ́n tó fi owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ rán mi níléèwé, tó wá di ọ̀gá pátápátá níléeṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, mi ò ní kó o takò ó o. Ṣé ìtọ̀ ò wá lè gbọ̀n ẹ́ ni?" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò fokùn fà mí. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi jáde. Mo dúró sídìí ẹ̀rọ omi nílé ìtọ̀, mò ń fọwọ́, mò ń fọwọ́, títí ìyá tí mo kí lẹ́ẹ̀kan, tó ń nulẹ̀ níbẹ̀, fi wò mí, tí wọ́n ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ yín ti mọ́."

Nígbà tí mo fi máa wọlé padà, iye tó gbà àti iye tó kọ̀ ti dọ́gba. Bí ìbò bá sì dọ́gba nílé wa, àbá ṣubú nìyẹn. Ìjọba wá owó náà gba ibòmíì: owó orí àwọn tí owó oṣù wọn kéré ni wọ́n bù kún.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Dírẹ́bà mi, ìwọ tó o jókòó nítòsí ilẹ̀kùn yẹn, dìde kí wọ́n rí ẹ. Ọdún mẹ́rìnlá lo fi ń gbé mi kiri. Níparí oṣù yẹn, o na ìwé owó oṣù rẹ sí mi, o ní, "Ọ̀gá, ta ló ṣe èyí fún wa?" Mo kọjú sí fèrèsé, mo ní, "Wọ́n pọ̀." Wọn ò pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù kí àbá yẹn wọlé. Èmi ni.

Ojú ń tì mí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ gbogbo yín. Akọ̀wé, ẹ dákun, ẹ fi èyí náà kún àkọsílẹ̀ mi.

Kí Ọlọ́run fún ẹni tó máa jókòó sórí àga mi ní ìtọ̀ tó mọ sùúrù. A ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Èrè iṣẹ́ yín ò ní di ti ẹlòmíì.

Dírẹ́bà, bí ìpàdé bá tú, tó o bá ṣì fẹ́ gbé mi délé, ẹnu ọ̀nà ni mo máa wà. Bí o ò bá fẹ́, má fi ìtìjú ṣe é. Mo mọ ọ̀nà ilé mi, màá fẹsẹ̀ rìn. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán o.