Omi Ọsàn Síbí Méjì

[Fóònù ń dún. Ariwo àwọn ọmọ ọwọ́.]

NỌ́Ọ̀SÌ: Hẹ́lò, Mọ́mì, ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti dé abúlé tí ilé ìwòsàn rán mi wá lónìí, mo fẹ́ wọlé bá àwọn ìyá ọlọ́mọ sọ̀rọ̀, wọ́n tó ogójì—

ÌYÁ: Kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo ti jẹun. Ọmọ mi ńkọ́?

ÌYÁ: Ó ń sùn lórí itan mi. Mátíróònù yín ní kí n kí ọ.

NỌ́Ọ̀SÌ: Níbo lẹ ti rí Mátíróònù?

ÌYÁ: Ilé ìwòsàn yín níbí. Mo gbé ọmọ wá wọ̀n. Ṣé o gbọ́ mi?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mọ́mì, Ọjọ́bọ̀ la jọ fi sí. Èmi ni mo fẹ́ gbé e lọ.

ÌYÁ: Mo ní kí n bá ọ dín iṣẹ́ kù ni. Wọ́n bi mí pé kí ló ń mu.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ ní ọmú àti omi.

ÌYÁ: Mo ní ọmú, omi, àti— [ariwo]

NỌ́Ọ̀SÌ: Àti kí ni? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ: Omi ọsàn. Síbí méjì láràárọ̀.

NỌ́Ọ̀SÌ: Láti ìgbà wo?

ÌYÁ: Látìgbà tí o ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo máa ń sẹ́ ẹ dáadáa, kò sí kóró níbẹ̀.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ọmọ oṣù mẹ́jọ! Fọ́tò ẹ̀ ló wà lára ògiri níbi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn.

ÌYÁ: Mo rí i. Ó yẹ ẹ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ṣé ẹ ka ohun tí mo kọ sábẹ́ ẹ̀?

ÌYÁ: Mi ò mú awò ojú mi dání. Obìnrin kan ló kà á sí mi létí. "Mi ò ní mu júùsì títí màá fi pé ọdún kan." Mo ní irọ́ ni.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ sọ ọ́ síta?

ÌYÁ: Mi ò pariwo. Àwọn tó jókòó nìkan ló gbọ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ yìí ni Mátíróònù máa pinnu bóyá èmi ni màá máa dá àwọn ìyá lẹ́kọ̀ọ́ lọ tàbí wọ́n á gbé e fẹ́lòmíì.

ÌYÁ: Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi nírú ẹ̀. Mo ní ẹ̀yin náà ni. Mo fa káàdì rẹ yọ.

NỌ́Ọ̀SÌ: Káàdì wo?

ÌYÁ: Èyí tí wọ́n fún mi níbí nígbà tí mo bí ọ. Inú ọ̀rá ló wà látọjọ́ yẹn.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ gbàgbé awò, ẹ mú káàdì mi dání.

ÌYÁ: Mi ò nílò awò fún ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n sórí. "Oṣù mẹ́ta: omi ọsàn, síbí méjì láràárọ̀." Ẹnì kan fi báírò pupa fàlà sábẹ́ ẹ̀.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ohun tí wọ́n mọ̀ nígbà yẹn nìyẹn. Research ti yí i padà. Ṣúgà inú ẹ̀ ń ba eyín jẹ́, kì í jẹ́ kọ́mọ mu ọmú tó—

ÌYÁ: Ṣé mo wá pa yín lára ni? Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí.

NỌ́Ọ̀SÌ: Rárá, Mọ́mì. Ẹ tọ́ wa, a yè, a yanjú.

ÌYÁ: Eyín rẹ méjì tí wọ́n yọ ńkọ́?



NỌ́Ọ̀SÌ: Kí ni Mátíróònù sọ?

ÌYÁ: Ó wo káàdì náà pẹ́. Ó ní òun lòun fàlà pupa yẹn. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ nígbà náà, òun sì máa ń bá àwọn ìyá tí kò bá fún ọmọ mu jà.

NỌ́Ọ̀SÌ: Mátíróònù fúnra wọn?

ÌYÁ: Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi lójú gbogbo èèyàn. Ó ní kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ, àmọ́— [ariwo]

NỌ́Ọ̀SÌ: Àmọ́ kí ni? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ: —kí wọ́n ya fọ́tò tuntun. Èmi àtòun. Kí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Àwa là ń fún wọn mu tẹ́lẹ̀. A ti ṣíwọ́."

NỌ́Ọ̀SÌ: Ṣé ẹ ti ṣíwọ́ lóòótọ́?

ÌYÁ: Ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ ya fọ́tò náà?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mọ́mì. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ: Mo gbọ́. Ọsàn mẹ́fà ló ṣì kù nílé, ìwọ náà sì mọ̀ pé mi ò kí ń da nǹkan—

[Ìpè já.]