Ọdún Tí Mo Pa Àna Mi Sínú Ìwé

Nígbà tí irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ẹ̀yin ọmọ mi, ọdún kan wà tí gbogbo ilẹ̀ yìí ń kọ̀wé. Rédíò ló kó bá wa. Wọ́n ní ìjọba ń wá ìtàn àròsọ ní èdè Yorùbá, pé èyí tó bá dùn jù, àwọn á tẹ̀ ẹ́, gbogbo ilé ìwé á máa kà á. Háà! Ní Ìdógùn níbí, télọ̀ ń kọ̀wé, kátíkíìsì ń kọ̀wé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ ń wá ẹni tí yóò bá òun kọ ọ́. Lónìí ńkọ́? Ta ló tilẹ̀ ń kàwé?

Èmi náà kọ tèmi. Fúnmiláyọ̀, ìyá yín àgbà yìí, ni mo ń fẹ́ nígbà náà. Mo wá fi orúkọ bàbá rẹ̀, Bàbá Ajíbóyè, sọ ọdẹ inú ìtàn mi, kí n fi pọ́n wọn lé. Ṣùgbọ́n ìtàn ṣe máa dùn láìsí òkú? Mo bá ní kí ẹkùn pa ọdẹ náà ní orí kejì... Mo kà á sókè lẹ́yìn ìsìn. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, àfi Bàbá Ajíbóyè.

Ilẹ̀ mọ́, wọn ò lọ sóko. Wọ́n ní òkú kì í roko. Àwọn ará àdúgbò ń wá kí ìyàwó wọn kú ọ̀fọ̀, ẹ gbọ́ o, bàbá fúnra wọn ló ń la obì fún àlejò!

"Ẹ ṣeun, ẹ kú àbẹ̀wò. Ẹkùn ló pa mí."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní, "Ṣé òkú ló máa fọmọ fún ọ? Jí mi dìde."

Mo jí wọn. Mo kọ ọ́ pé ẹkùn pọ̀ wọ́n jáde láàyè, tàwọn ti fìlà lórí. Inú wọn dùn, wọ́n fún mi níyàwó. Ó wá ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìdíje parí. Mo di ìwé mi, mo fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ l'Ọ́wọ̀. Bàbá dúró sójú ọ̀nà.

"Ṣé ìtàn yẹn ti parí ni?"

"Ó ti parí, bàbá."

"Bó bá parí, èmi náà parí nìyẹn. Bó o bá fi ránṣẹ́, dá ọmọ mi padà."

Mo wojú Fúnmiláyọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo gbé ìwé mi padà sílé.

Ẹlòmíràn ló gba ẹ̀bùn. Ó dùn mí wọra, mi ò ní parọ́. Àmọ́ lọ́dọọdún, bí iṣu titun bá ti jáde, bàbá á dé. "Kọ ọ́ pé mo ra kẹ̀kẹ́." Mo kọ ọ́. "Kọ ọ́ pé eyín mi hù padà." Mo kọ ọ́... ọgbọ̀n ọdún gbáko!

Ẹ̀yin ìsinsìnyí, ẹ ń fi fóònù kọ̀tàn, kí ọbẹ̀ tó jinná, èèyàn mẹ́wàá ti kú níbẹ̀. Ẹ rọra o.

Ọjọ́ tí bàbá kú lóòótọ́, Fúnmiláyọ̀ gbé ìwé náà wá bá mi, tẹkúntẹkún. Ó ní, "Parí ẹ̀ báyìí." Mo mú bírò. Mo kọ ọ́ pé bàbá ń jẹun lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má pè wọ́n.