Ìbojú Tí Rùkáyà Wí

Ẹnu tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ náà ni yóò tú u. Ẹ̀yin òbí tí a jọ ń mú ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Alàgbà Elisha ní Igbona, l'Óṣogbo, lásìkò kòrónà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Màmá Àlàáfíà nítorí pé èmi ni alága yín, èmi náà sì ni ìyá Shalom. Mi ò mú àlàáfíà kankan wá. Dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọkàn mi ti ní kí n bá àwọn ará ilé mi sọ ohun tí mo bá ní í sọ, ohun tó ní lọ́kàn sì yé mi: ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́. Àwọn ará ilé mi ti gbọ́ tiwọn. Tiyín ló kù, òun ló sì wúwo jù.

Ẹ ó rántí ìgbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ òfin kòrónà. Ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣí, mọ́ṣáláṣí ti ṣí, ọjà ti ń kún bíi ti tẹ́lẹ̀. Alàgbà Elisha ní kí àwa òbí jókòó, ká pinnu bóyá kí àwọn ọmọ ṣì máa fi aṣọ bo imú ní kíláàsì tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Èmi ti pinnu tèmi kí n tó kúrò nílé. Shalom ọmọ mi ń ráhùn pé ooru ń mú òun, gbogbo ẹ̀ sì ti sú èmi náà. Mo dìde, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mí dáadáa. Ọ̀pọ̀ yín pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni Rùkáyà, ìyá Ikhlas, dìde. Aránṣọ ni, ọmọ Òṣogbo gidi. Òun ló fi àjákù àǹkárá rán ìbomú fún gbogbo ọmọ kíláàsì wọn nígbà tí àrùn náà kọ́kọ́ dé. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Shalom, mi ò ta ko àgbà o. Àmọ́ àrùn yìí ò tíì lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣì máa lo ìbojú wọn fún sáà kan sí i." Mo rí àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún mi tí wọ́n ń mi orí fún un. Ohun tó bí mi nínú nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí mo gbà lábúrò dìde lẹ́yìn mi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì fẹ́ borí tèmi. Ìpàdé náà tú ká láìsí ìpinnu, wọ́n ní ká padà wá lọ́sẹ̀ kejì.

Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé mo mọ ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ikhlas ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ikọ́ kékeré lè dá ọmọ náà dùbúlẹ̀. Èmi nìkan ni Rùkáyà sọ fún. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kó má dé etí ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kàn máa fojú àánú wo ọmọ mi ni. Tó bá sì dàgbà, ta ló máa fẹ́ ẹ?" Mo búra fún un. Síbẹ̀, bí a ti ń ti ìpàdé bọ̀, mo kọjú sí Ìyá Tiwátọ́pẹ́, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jẹ́ ọmọ Iléṣà. Mo ní, "Ṣé o gbọ́ ohun tó pè é? Kò ní ìbomú. Ìbojú ló wí." Ó dúró sójú títì, ó fi èdè Ìjẹ̀ṣà wa dáhùn pé, "Ubojú kẹ̀? Ubojú àwọn eléèhá?" Mo ní, "Èmi ò sọ nǹkan kan o. Imú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀." Ẹ wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Mo mọ̀ dájú pé ohun kan náà ni ìbojú àti ìbomú lẹ́nu gbogbo àdúgbò nígbà náà. Ìyá onílé mi gan-an, ìbojú ló ń pè é. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé orí Wásáàpù pé Rùkáyà fẹ́ fi kòrónà bojú, kó lè so híjáàbù mọ́ gbogbo ọmọ lórí. Mùsùlùmí bínú, kìrìsìtẹ́ẹ́nì bínú, kò sẹ́ni tó rántí àrùn mọ́.

Rùkáyà wá bá mi nílé. Kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Ó ń sunkún, ó ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbà gbọ́, mà. Tí kò bá sí ọgbọ́n míì, ẹ sọ ọ̀rọ̀ àìsàn ọmọ mi fún wọn. Mo yọ̀ǹda." Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀. Nígbà tí a padà jókòó, Alàgbà Elisha bi mí níwájú gbogbo yín pé, "Ìyá Shalom, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn. Ṣé ó nídìí tó fi ń sọ ohun tó ń sọ?" Rùkáyà gbójú sókè, ó ń wò mí. Mo ní, "Mi ò mọ nǹkan kan sí i, sà." Bó bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ta ni ì bá gbà á gbọ́? Ẹ nawọ́ sókè, ìbomú sì kúrò.

Ikhlas nìkan ló kù tó ń lò ó. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Eléèhá. Shalom ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, ẹnu mi ló sì ti gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, ọmọ náà ń yọ ọ́ sápò bí ìyá rẹ̀ bá ti yí ẹ̀yìn padà. Kò pẹ́ sígbà náà ni ikọ́ mú Shalom. Ara rẹ̀ gbóná, kò gbóòórùn ọbẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé kí n má lọ lónìí?" Mo wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ fún un, mo sì mú un lọ, nítorí bí ọmọ alága bá jókòó sílé nítorí ikọ́, ẹ ó ní òótọ́ ni Rùkáyà sọ. Mo mọ̀ pé òun àti Ikhlas ló jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì júwọ́ sí i lẹ́nu géètì. Shalom gbádùn. Ikọ́ mú Ikhlas náà, ó wọ ọsibítù, kò bọ̀ wálé mọ́. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ́ wò bóyá kòrónà ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún ara mi pé bóyá òun kọ́, ṣùgbọ́n "bóyá" kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn.

Mo lọ síbi àdúà fídáù ọmọ náà. Mùyídéènì, bàbá rẹ̀, fún mi níjòókòó láàrin àwọn ẹbí. Rùkáyà wá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mo bínú sí yín lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, mà. Ìgbà tí mo rò ó ni mo mọ̀ pé àṣírí ọmọ mi ni ẹ ò fẹ́ tú. Ẹ ṣé. Ọlọ́hun ò ní tú àṣírí tiyín náà." Mo ṣe àmín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dárí jì mí. Mo fi ìgbàgbọ́ yín ṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń tọ́mọ lọ́wọ́, bí ẹ bá ń bára yín jiyàn lórí ọmọ, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ọmọ lẹ ń jà fún lóòótọ́. Mo ti sọ fún Shalom. Ó bi mí bóyá òun ló pa ọ̀rẹ́ òun. Mo ní rárá, èmi ni.

Rùkáyà, mo gbọ́ pé Ọ̀tan-Ilé lo wà báyìí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí wọ́n bá ka èyí sí ọ létí, má tíì dárí jì mí. O dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níbi àdúà ọmọ rẹ, mo sì gba ọpẹ́ náà. Kọ́kọ́ gbà á padà ná, àbúrò mi. Lẹ́yìn náà, bí àánú kankan bá kù nínú rẹ, mò ń bẹ̀ ọ́.