Àwọn Tó Ní Àwọn Ti Wà Lójú Ọ̀nà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ohun tí mo rí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo yín mọ̀ pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi nílé ìwòsàn kan ní Ìlọrin. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, dókítà kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ èrò, kí eruku má baà kó sí i lójú. Èmi ni mo ṣèlérí pé màá wá gbé e lọ sí Ọ̀fà. Mo bá háyà mọ́tò ní Ìbàdàn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ní kì í gbowó gọbọi.

Mọ́tò náà kó mi nírìíra. Òórùn ẹja gbígbẹ àti èébì ló kún inú rẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ mi láyà, egungun adìyẹ tí ẹnì kan ti jẹ sì wà lábẹ́ àga. Nígbà tí mo kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ díẹ̀, ó tú èéfín dúdú, ó kú.

Mo pe iléeṣẹ́ náà. Ọkùnrin tó gbé fóònù ń jẹ ẹ̀pà, mo ń gbọ́ bó ṣe ń rún un.

"Ẹ má bínú, sà. Mọ́tò míì ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ má fi tọwọ́ yín sílẹ̀ o. Tí nǹkan kan bá sọ nù nínú ẹ̀, ẹ̀yin la máa mú."

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni yẹn. Mo pè láago mẹ́wàá, ó ní ó ti wà lójú ọ̀nà. Mo pè láago mọ́kànlá, ó ní dírẹ́bà ti ń rí mi lọ́ọ̀ọ́kán. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, màlúù nìkan ló ń bọ̀. Láago méjìlá, ó fi orin sí mi létí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá mi náà ń pè láti orí bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi í sí, báńdéèjì lójú. N kò fẹ́ kó dààmú. Mo ní mo ti ń wọ Ìlọrin, nígbà tó tún pè láago mọ́kànlá, mo ní mo ti rí géètì ilé ìwòsàn.

Nígbà tó di ọ̀sán, mo wọ sùtánà mi, mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, mo ka Sáàmù tí à ń kà sí ọ̀tá sórí ẹlẹ́pà yẹn. N kò ní í purọ́ fún yín, mo ṣe àmín rẹ̀ tagbáratagbára. Lẹ́yìn náà mo fẹ̀yìn ti igi máńgòrò kan, oorun sì gbé mi lọ.

Ọkùnrin kan tó ń tàn yòò fọwọ́ kàn mí, ó ní, "Dìde, tẹ̀ lé mi." Ibi tútù kan la kọ́kọ́ dé. Bàbá arúgbó kan nà gbalaja sórí koríko níbẹ̀, ara rẹ̀ ń dán.

"Dírẹ́bà ni," ni olùtọ́nà mi wí. "Tí mọ́tò rẹ̀ bá bàjẹ́, á sọ fún èrò pé kí wọ́n wá ọkọ̀ míì. Wọ́n máa ń bú u."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín sí wa, ó sì padà sùn.

Bí a ti kúrò níbẹ̀, òórùn ẹja gbígbẹ yẹn gan-an kọlù mí. A kọjá lára àwọn alágbèrè nínú ọ̀fìn iná, a kọjá lára àwọn aninilára tí wọ́n ń ru òkúta gbígbóná, olùtọ́nà mi kò tilẹ̀ wò wọ́n. Ó mú mi dé ojú títì kan tí ọ̀dà rẹ̀ ń hó, mo sì rí wọn, ẹ̀yin ará, mo rí wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ahọ́n wọn gùn délẹ̀, tí wọ́n ń wọ́ ọ lórí ọ̀dà, tí itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn pọ̀, tí eṣinṣin ń bò ó, tí wọ́n ń sáré tí wọn ò dé, tí wọ́n ń sáré tí ibi tí wọ́n ń lọ ń sún síwájú.

"Àwọn wo nìyí?"

"Àwọn tó ní àwọn ti wà lójú ọ̀nà nígbà tí wọn kò tíì dìde. Wọ́n ti wà lójú ọ̀nà báyìí."

Ọ̀kan nínú wọn ní èèpo ẹ̀pà létè. N kò rí i rí, ṣùgbọ́n bó ṣe pè mí ní "sà", mo dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Inú mi dùn. Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ fi kún tiẹ̀." Olùtọ́nà mi wò mí bí ẹni tó wo ìgbẹ́, ó ní, "Fetí sílẹ̀."

Ohùn obìnrin kan dún láti òkèèrè: "Ṣẹ́gun, ṣé o ti dé?" Ẹnu mi là fúnra rẹ̀, mo ní, "Mo ti rí géètì, Màmá," ni ahọ́n mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ó kan àyà mi, ó kan orúnkún mi, ooru ọ̀dà fẹ́ sí i, mo kígbe, mo ta jí.

Fóònù mi ló ń dún. Ìyá mi ni.

"Ṣẹ́gun, géètì wo lo wà?"

"Màmá, mi ò sí ní géètì kankan. Mọ́tò bàjẹ́ látàárọ̀. Ẹ̀bá Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ṣì wà, mi ò sì mọ ìgbà tí mo máa dé."



"O ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń lọ sí Ọ̀fà fẹ́ fi mọ́tò ẹ̀ gbé mi láago mọ́kànlá. Mo ní kó máa lọ, pé ọmọ mi ti wà ní géètì."

Mo fi mọ́tò wọn sílẹ̀ níbẹ̀, mo wọ ọkọ̀ èrò. Nígbà tí mo débẹ̀ nírọ̀lẹ́, orí bẹ́ǹṣì yẹn náà ni mo bá a, kò tíì jẹun. Iléeṣẹ́ yẹn ń rí mi lára títí dòní, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ló ń rí mi lára jù. Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ ahọ́n yín, ọ̀dà yẹn gbóná. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ máa ń pè mí lọ́jọ́ Ìsinmi pé kí n wá gbé yín, tí mo bá ní mo ṣì ń wẹ̀, ẹ má bínú sí mi. Ìwẹ̀ ni mò ń wẹ̀.