Kílíìtì inú àpò ìdọ̀tí

Mo ń fún ọmọ mi ní ráìsì jẹ nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbi fẹ́rì, nígbà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin Yorùbá méjì lẹ́yìn mi, tí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ti mú ohùn wọn rẹlẹ̀.

Èyí tó dàgbà ní, "Bàbá òyìnbó ará Áyálándì tí mò ń tọ́jú ò jẹun látàná. Ọmọ ọmọ wọn ló ti yunifásítì dé, ó ní kílíìtì, síkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn, kì í ṣe aṣọ ìran àwọn ará Áyálándì. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Sikọ́tílándì ni wọ́n ti yá a, kò sì tíì pẹ́ púpọ̀."

"Ṣé irọ́ ni, Mà?"

"Òótọ́ ni. Ó sọ ọ́ tán, ó padà sí súkúù. Bàbá ká aṣọ náà, wọ́n jù ú sápò ìdọ̀tí. Èmi ni mo yọ ọ́."

"Ẹ̀yin náà kẹ̀. Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Mo ní, 'Bàbá, àńkárá tí ìyá mi fi pọ̀n mí, òyìnbó ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wá fún wa. Ṣé ìyá mi kọ́ ló wá pọ̀n mí ni?'"

"Wọ́n dáhùn?"

"Wọ́n kọjú sí ògiri. Mo bá fi aṣọ náà kọ́ sára ògiri ọ̀hún."

Ọ̀rọ̀ ìyá tó pọ̀n ọmọ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ mi bi mí bóyá ọmọ ọmọ bàbá yẹn purọ́.

Mo ní, "Rárá, kò purọ́. Ṣùgbọ́n tó o bá ní irú ọ̀rọ̀ yẹn í sọ fún bàbá àgbà ẹ, má sọ ọ́ kó o wá máa lọ. Jókòó tì wọ́n."