Ọ̀já Bọ́lá

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ṣe àmín yín. Ẹ óò mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Èmi ni Ìyá Bọ́lá tó ń ta ọṣẹ ní ọjà Makola. Nima níbí, ní Gánà yìí, ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí Bọ́lá ṣì ń mu ọmú, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi ní ìdí àti lábẹ́ ọmú, ó ń pọ́n, ó ń sú bí làpálàpá. Gbogbo ará ilé wa ní ọ̀já tí mo fi ń pọnmọ ló ń bó mi lára. Mo tú ọ̀já, mi ò pọn ọmọ mọ́. Mo fi gbogbo ọṣẹ orí tábìlì mi wẹ̀, ọṣẹ tí mò ń fẹnu ara mi polówó! Kò gbọ́. Ìgbà tí kókó yọ lábíyá mi ni mo tó lọ sí hòsípítù.

Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, inú ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń ṣọ́ ara ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kò wọ́pọ̀. Ó ní tó bá dúró sára awọ nìkan, èèyàn lè bá a gbé pẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti di kókó báyìí, àwọn tó ń yè é kò pọ̀. Abíyá mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, kò wo ojú mi.

Orí bẹ́ẹ̀dì hòsípítù ni mo wà tí rédíò kéde pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé jáde ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àlejò kẹ̀! Èmi tí mi ò dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú bàbá mi, rí! Nọ́ọ̀sì sọ fún ọlọ́pàá tó wá kó wa pé, "Alata yìí ò lè jókòó nínú lọ́rì," bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí nìyẹn, wọ́n bá fi mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ mi gbọ́dọ̀ lọ, ọmọ ò sì lè gbé inú wọ́ọ̀dù. Mo ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ mú ọ̀já náà dání." Ọkùnrin tí kò pọnmọ rí! Ó pọ̀n ọ́n jáde, mò ń wo ẹsẹ̀ kékeré méjèèjì títí wọ́n fi yà sẹ́yìn ògiri.

Ẹ̀yin ará, àárò ọmọ yẹn dùn mí ju àìsàn lọ. Tí wọ́n bá gún mi lábẹ́rẹ́ tán, ẹ̀yìn mi ni mò ń fọwọ́ kàn. Ó fúyẹ́ jù. Ọdún ń gorí ọdún, mi ò mọ àdúrà gígùn gbà. Mo kàn ń sọ pé, "Olúwa, jẹ́ kí n tún pọn ọmọ mi kó tó dàgbà ju pípọ̀n lọ."

Díẹ̀díẹ̀, kókó yẹn wálẹ̀. Ara mi jọ̀lọ̀. Dókítà ní ó lè padà o, kí n máa wá fún àyẹ̀wò, mo sì ń lọ. Ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ pé òun ò retí pé n óò fẹsẹ̀ ara mi rìn jáde.

Nígbà tó yá, òfin lílé àlejò yẹn rọ̀, ọkọ mi sì mú Bọ́lá dé lánàá. Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó kí mi bí ẹni tí kò rí mi rí: "Ẹ kúulé, mà." Ó dùn mí wọra. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Ó wo bàbá ẹ̀, ó tún wò mí, ó sì gun ẹ̀yìn mi. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti gùn gan-an. Ọ̀já náà ti ṣá, ṣùgbọ́n ó ṣì ká wa.

Òun ló wà lẹ́yìn mi yìí. Ó ti sùn. Ẹ bá mi fògo fún Ọlọ́run, ẹ tiẹ̀ bá mi jó, ṣùgbọ́n alelúyà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.