Kì í Ṣe Etí Yín, Ẹ̀gbọ́n

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó lọ, ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá gbé e dé Mẹ́kà, iná ni mo dì sápò."

Báyìí ni Jàfárù ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ Ọdẹ́tọ́lá ní Ìgàndo. Ọdẹ́tọ́lá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé àwọn tó ń lọ sí Hájì a máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ará àti ojúlùmọ̀ kí wọ́n tó wọ bàálù, ó sì rò pé ìdágbére lásán ni. Ó ní kí Mary ìyàwó rẹ̀ gbé nǹkan tútù wá. "Àdúrà ni kí o bá mi gbà níbẹ̀ jàre," ló wí. "Bóyá etí mi á là."

Ni Jàfárù bá kúrò lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Etí yín kò ṣe nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n. Kò fìgbà kan ṣe nǹkan kan."

Ọdẹ́tọ́lá ló máa ń ta gìtá alátẹ̀sẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní ìjọ aláṣọ funfun wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Gìtá náà kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́rùn. Ó ń dúró lórí ẹsẹ̀ bíi tábìlì, irin ni wọ́n ń fà lórí okùn rẹ̀, tí ẹsẹ̀ á máa tẹ pẹ́dà nísàlẹ̀, tí ohùn á sì máa fà bí ẹkún ẹni tó ń gbàdúrà. Nígbà tó kọ́kọ́ rà á, ńṣe ló ń dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Jàfárù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún rédíò àti ẹ̀rọ agbóhùnjáde ṣe ní Ìkòtún, ló sọ fún un pé gìtá kò bàjẹ́. Ó ní, "Agbára tó ń ti ara gìtá jáde àti èyí tí ẹ̀rọ fẹ́ gbà ni kò bára mu. Ohùn ń ṣòfò lójú ọ̀nà." Ó wé wáyà mọ́ irin, ó tò wọ́n sínú ike ọṣẹ kan, ó fi í sáàárín gìtá àti ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó, ìyá ìjọ bú sẹ́kún kí orin tó dé ìdajì. Láti ìgbà náà ni Ọdẹ́tọ́lá àti Jàfárù ti di ọ̀rẹ́. Jàfárù ló ń tọ́jú ike ọṣẹ náà, tí wọ́n ń pè ní àpótí, ilé Ọdẹ́tọ́lá ló sì ti máa ń ṣínu nígbà ààwẹ̀.

"Ẹ rántí ìkórè yẹn," ni Jàfárù wí, ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Àlejò kan bi yín pé níbo lẹ ti rí ohùn dídùn yìí. Ẹ ní Amẹ́ríkà lẹ ti ra àpótí náà. Ẹ̀yìn yín ni mo wà, wáyà wà lọ́wọ́ mi. Ẹ ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn."

Ọdẹ́tọ́lá rántí. Ojú ló tì í láti sọ pé inú ike ọṣẹ ni ògo òun wà.

"Inú bí mi délé. Èṣù kọ́ o, èmi ni." Ó ní nígbà tí òun tún wá tọ́jú àpótí náà, òun yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, òun fi èyí tí kò bá gìtá mu rọ́pò. Ohùn gìtá ṣú bí ojú ọ̀run tí òjò fẹ́ rọ̀. Òun kàn fẹ́ kí ojú ti Ọdẹ́tọ́lá lọ́jọ́ ìsinmi kan péré ni, kó lè wá bẹ òun.

"Mo sì wá," ni Ọdẹ́tọ́lá wí. "Mo gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ."

"Ẹ wá. Mo tú u lójú yín. Mo ti la ẹnu láti sọ òótọ́, ohun tó jáde ni pé, 'Kò sí nǹkan tó ṣe àpótí. Bóyá etí yín ni.'"

Ọdẹ́tọ́lá rántí dókítà elétí tó ní òun ò rí àìsàn kankan, tí òun sì rò pé dókítà náà kò mọṣẹ́. Ó rántí bó ṣe ń ní kí Mary tún ọ̀rọ̀ sọ. Ó ń gbọ́ o, kò kàn gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó ń gbọ́ mọ́ ni. Ó rántí àárọ̀ kan, ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dìde nídìí gìtá, tí wọ́n fi Godswill, ọ̀dọ́ akọrin kan, sípò rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ti Godswill," ló wí. "Ó dùn létí mi. Mo wá bi ọ́ pé bí etí mi bá bàjẹ́, báwo ni mo ṣe ń gbọ́ ìyẹn?"

Jàfárù bú sẹ́kún. "Ibẹ̀ gan-an ni ìkà mi wà. Mo ti dá ti àkọ́kọ́ padà sínú àpótí kí Godswill tó jókòó. Nígbà tí ẹ bi mí, mo rí ìrètí lójú yín. Mo ní, 'Bí kì í bá ṣe etí, á jẹ́ pé ọwọ́ yín ni.'"

Mary ti dúró sẹ́nu ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Ọjọ́ yẹn lo jẹ ẹ̀bà nínú ilé yìí," ló wí. "O tiẹ̀ ní kí n bù sí i."

"Ẹ forí jì mí. Bí ẹ ò bá forí jì mí, òfo ni ìrìn àjò mi."

Ọdẹ́tọ́lá bi í pé, "Ká ní kò sí bàálù tó ń dúró dè ọ́ ńkọ́, Jàfárù? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ò bá jẹ́ kí n kú?"

"Ẹ ṣáà forí jì mí," ni Jàfárù tún wí. Ìyẹn ló dun Ọdẹ́tọ́lá ju gbogbo rẹ̀ lọ.

"Dìde. Ojú ìjọ ni mo ti tẹ́. Ojú ìjọ ni wàá ti sọ ọ́."

Lọ́jọ́ ìsinmi, Jàfárù bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé tòun ti jalamíà rẹ̀ sáàárín àwọn aláṣọ funfun, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ akọrin. "Bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ sí i lójú. Ohun tí mo kọ̀ láti fẹnu sọ ni mo fọwọ́ ṣe." Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.

Godswill dìde nídìí gìtá, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jókòó, sà."

Ọdẹ́tọ́lá jókòó. Ohùn tó jáde mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n irin ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń pẹ́ kó tó bá pẹ́dà. Gbogbo ọdún tó fi jókòó lásán ti sọ irọ́ tí Jàfárù pa nípa ọwọ́ rẹ̀ di òótọ́. Ìjọ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kígbe halelúyà. Òun nìkan ló ń gbọ́ gbogbo àṣìṣe náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, kedere.

Nígbà tí ìsìn parí, Jàfárù ń dúró dè é níta. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti forí jì mí?"

"Kí Ọlọ́run gbé ọ lọ, kó gbé ọ bọ̀," ni Ọdẹ́tọ́lá wí. "Nígbà tí o bá dé, tí o ò ní ibì kankan tí o fẹ́ lọ mọ́, wá tún un bi mí."